Àyà jíjá ọ̀tọ̀, jìnnìjìnnì ọ̀tọ̀

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní gbogbo géèmù abanilẹ́rù tẹ́ ẹ ti gbá, ariwo lásán ni wọ́n ń pa mọ́ yín létí, pé tí nǹkan bá ti fò yọ sí yín lẹ́ẹ̀kan, ó tán nìyẹn. Ẹ wá ní ṣé lóòótọ́ ni géèmù ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù rí débi tí kò fi lè sùn, àbí à ń fọ́nnu ni. Èmi ò fọ́nnu. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Abẹ́òkúta níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ro ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2002, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Adátán: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, PlayStation mẹ́ta, bẹ́ǹṣì gígùn méjì, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mò ń gba owó. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń bá wá, Winning Eleven látàárọ̀ dalẹ́, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì. Tó bá di bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, táwọn ọmọkùnrin ti túká, tí mo ti ka owó tí mo sì ti fi rọ́bà dì í, èmi náà á wá ráyè fi CD tí ẹnì kankan ò béèrè rí sínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan wà nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi rà bọ̀ láti Alábà, kò ní páálí, bírò pupa ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i lára, wọ́n tiẹ̀ ṣì í kọ: "Silen Hill."

Mo ti gbá Resident Evil ṣáájú ìgbà náà, èyí tí Capcom gbé jáde lọ́dún 1996. Ẹ̀yin náà á mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ajá ti já fèrèsé wọlé. Mo pariwo, pádì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà kejì tí mo débẹ̀, mo ti mọ fèrèsé tó ń gbà wọlé, mo ti na ìbọn dè é. Àyà jíjá nìyẹn. Àyà tó já máa ń padà sáyè rẹ̀. Irú èyí lẹ̀ ń bá pàdé, ẹ ò sì jẹ̀bi pé ó ti sú yín. Jìnnìjìnnì kì í fò mọ́ èèyàn. Ó máa ń rá wọ ara díẹ̀díẹ̀ ni, bí òtútù ilẹ̀ẹ́lẹ̀ onísìmẹ́ńtì. Ẹ ó kàn rí i pé ẹ ò fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tó wà níwájú yín, ẹ ò sì ní lè sọ ìdí.

Silent Hill, ọdún 1999 ni Konami gbé e jáde. Bàbá kan tó ń jẹ́ Harry Mason ní jàǹbá mọ́tò, nígbà tó máa lajú, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Cheryl, ti dàwátì. Kùrukùru bo gbogbo ìlú. Ó rí ọmọ náà fìrí, ó tẹ̀ lé e wọ ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ilé kan, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn títí ó fi ṣáná. Àwọn nǹkan kéékèèké tó dà bí ọmọdé yọ sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe, wọ́n máa gún un lulẹ̀ ni. Ó tún lajú, ó bá ara rẹ̀ nínú ilé oúnjẹ kan, ọlọ́pàá obìnrin kan fún un ní ìbọn, ó sì lọ. Bí Harry ṣe fẹ́ jáde báyìí, rédíò kékeré kan tó wà lórí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í hó: ṣííííí. Kò sóhùn èèyàn nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun kan tó ń fò fọ́ gíláàsì wọlé. Harry mú rédíò náà dání, àtìgbà náà lọ, tí nǹkan burúkú bá ti wà nítòsí, rédíò á máa hó. Ẹ ò tíì rí nǹkan ọ̀hún o. Kùrukùru ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kàn ń gbọ́ pé ó wà ni.

Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń wá OGBC lórí rédíò wọn ní kùtùkùtù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń yí i. Kó tó mú, á kọ́kọ́ ṣe ṣííí. Fún bí oṣù méjì gbáko, tí mo bá ti gbọ́ ṣííí yẹn níbi tí mo ti ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, ọrùn mi á ti yí, á ti wo ẹ̀yìn, kí n tó mọ̀ pé mo wò ó. Mi ò lè dá lọ tọ̀ lálẹ́. Àbúrò mi tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ ni mò ń jí pé kó sìn mí.

Àìsí memory card, ohun tó ń bá èèyàn tọ́jú ibi tó gbá géèmù dé, ló tún dá kún un. Ẹnì kan ti jí tiwa, NEPA ò sì bèèrè ibi tẹ́ ẹ dé kí wọ́n tó múná lọ. Ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ géèmù yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ á tó mẹ́wàá. Mo mọ gbogbo ìgun òpópónà rẹ̀, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń jáde, ẹ̀rù náà ò lọ. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu, nítorí ajá Resident Evil ti sọ mí di ẹni tó ń rò pé tójú bá ti mọ nǹkan, ẹ̀rù á lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Mo pa á. Kíákíá ni ara mi balẹ̀, ìlú ọ̀hún wá dà bí àwòrán tí wọn ò fi ọwọ́ gidi yà. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ rédíò mọ́, wọ́n sì pa mí kí n tó kọjá òpópónà kejì. Etí tí ẹ̀rù ń gbà wọlé náà ni etí tẹ́ ẹ máa fi yè. Àwọn tó ṣe é ti so méjèèjì pọ̀.

Kùrukùru yẹn, ẹ̀rọ ìgbà náà ni kò lágbára àtiya ohun tó jìnnà, ni wọ́n bá fi kùrukùru àti òkùnkùn bo àìtó rẹ̀. Ó bọ́ sí i fún wọn. Ẹni tó bá ti rìn nílùú yìí láàárọ̀ ọyẹ́ tí Olúmọ ò hàn mọ́, tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn níwájú tí kò sì rí i, á mọ ohun tí mò ń wí.

Èmi sì rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti mú mi ju ẹ̀yin lọ nìyí. Obìnrin Ẹ̀gbá ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé ìyá àgbà ní Ìtòkò, tí Orò bá fẹ́ jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á kó gbogbo wa sínú yàrá. A ó wá máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè. Á sún mọ́lé, á jìnnà, á tún sún mọ́lé. Ẹnì kan ò ní sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà á gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára pé àwọn náà dá mímí dúró. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi láti sọ. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti mọ̀ pé ohun tí etí gbọ́ tí ojú ò gbọdọ̀ rí, kò sí ohun tó tó o.

Lọ́dún 2012, mo ti relé ọkọ, à ń gbé ní Ọbáńtókò, ọkọ mi gbé Amnesia: The Dark Descent wá sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Frictional Games ti ilẹ̀ Sweden ló ṣe é, lọ́dún 2010. Tí ẹ bá máa gbá ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi yìí, òun ni kẹ́ ẹ gbá. Kò sí ìbọn, kò sí ọ̀bẹ, kò sí igi pàápàá. Fìtílà kan lẹ ní, epo rẹ̀ sì níye. Tẹ́ ẹ bá tan iná, nǹkan tó ń rìn kiri inú ilé ńlá yẹn á rí yín. Tẹ́ ẹ bá jókòó sínú òkùnkùn, orí Daniel, ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, á máa dàrú, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì. Tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ nǹkan náà kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó jẹ́, orí rẹ̀ á tún dàrú sí i. Ẹ sá pamọ́, ẹ sì ń jẹ gbèsè ìsápamọ́ yẹn.

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí omi ti kún ilẹ̀. Ohun kan wà nínú omi náà tí kò ṣeé rí. Bí omi ṣe ń ta páṣá-páṣá bọ̀ lọ́dọ̀ yín nìkan lẹ máa fi mọ ibi tó wà. Orí àwọn àpótí lẹ ó máa fò sí, lórí ìkan bọ́ sórí ìkejì. Orí àpótí kejì ni mo wà pẹ̀lú íápíìsì létí nígbà tí NEPA múná lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù gbé e, géèmù ò dúró, àmọ́ gbogbo àdúgbò dúdú bí kóró iṣin. Mo yọ íápíìsì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ tó. Tó. Tó. Ẹnu ẹ̀rọ inú balùwẹ̀ ni kò tì dáadáa, ó ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ mi wà lórí àga, mi ò sì lè gbé e sílẹ̀ títí ọkọ mi fi dé láti Pánṣẹ́kẹ́.

Mo ti gbá àwọn mìíràn lẹ́yìn náà. Alien: Isolation, ti 2014, dára gan-an: apá kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ṣe fún ẹranko abàmì tó ń dọdẹ yín nínú rẹ̀ mọ ibi tẹ́ ẹ wà nígbà gbogbo, apá tó ń darí ara rẹ̀ ò mọ̀, èkíní kàn máa ń ta á lólobó ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé há sórí. Five Nights at Freddy's, ọdún kan náà, ẹ̀rù iná tó ń tán lọ ni, bí yúníìtì inú mítà. Ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ tì ń jẹ iná, kámẹ́rà tẹ́ ẹ wò ń jẹ iná. Ó dáa, ṣùgbọ́n àyà jíjá ló máa ń parí sí.

Ẹ gbá wọn lálẹ́, kẹ́ ẹ fi íápíìsì sétí, kẹ́ ẹ má sì kọ́kọ́ wo ẹlòmíì tó ń gbá a lórí YouTube. Ẹni tó bá ti wò ó ti fi ojú jẹ ohun tó yẹ kí etí jẹ.

Ẹ má fún ọmọdé o, mo bẹ̀ yín. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́jọ gba géèmù kan tó ń jẹ́ Granny sórí fóònù mi láì jẹ́ kí n mọ̀, ìyá arúgbó tó ti èèyàn mọ́lé, ọjọ́ márùn-ún péré lèèyàn ní láti sá jáde, tí nǹkan bá sì bọ́ lulẹ̀, ìyá náà ń gbọ́, ó ń bọ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Bàbá rẹ̀ fẹ́ bínú, mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Lọ́sàn-án Sátidé, nínú pálọ̀, mo pa ohùn fóònù, mo ní kó gbá a lójú mi. Kò bà á lẹ́rù. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ohùn náà padà, kó rọra gbé e sókè, kó sì gbé e wálẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Bí ilẹ̀ onípákó ṣe dún báyìí, ó gbá ọwọ́ mi mú. "Màámi, ó ti gbọ́ wa." Mo ní mo gbọ́, èmi náà gbọ́. A ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé mẹ́ta.

Ó ti ń dá lọ tọ̀ lálẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ó sì máa ń ní kí n máa kọrin nínú yàrá títí tó fi máa dé.