Ṣé Ọmọ Tó Ń Kọ́ Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà Lè Gbájú Mọ́ Róbọ́ọ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló ń kà. Ó wá ní róbọ́ọ̀tì lòun fẹ́ gbájú mọ́. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ló fẹ́ yà sí yẹn? Níbo la sì ti fẹ́ rówó ra róbọ́ọ̀tì? – Ìyá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Kò yà síbì kankan. Láàárín 1966 sí 1972, àwọn onímọ̀ ní Stanford Research Institute, ní Kalifóníà, ṣiṣẹ́ lórí róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Shakey. Bó ṣe máa rí ọ̀nà gbà láìkọlu nǹkan ni mẹ́ta nínú wọn, Hart, Nilsson àti Raphael, ń wá tí wọ́n fi gbé ìlànà A* (ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà fi ń wá ọ̀nà tó yá jù láti ibì kan dé ibòmíì) jáde ní 1968. Títí dòní, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní A*, kódà àwọn tí kò ní fọwọ́ kan róbọ́ọ̀tì láyé wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ka yìí ni pé kì í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ prógíráàmù tan ara rẹ̀. Ẹ gbé róbọ́ọ̀tì kékeré síwájú ògiri: sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ (ohun tó fi ń wọn bí nǹkan ṣe jìn sí i) lè ní sẹ̀ntímítà 200 ló jìn sí i, kó tún ní 197, kó tún ní 204, bẹ́ẹ̀ ògiri ò kúrò lójú kan. Ẹ ní kó rin mítà kan lórí táìsì, táyà á yọ̀, kò ní pé mítà kan, síbẹ̀ prógíráàmù gbà pé òun ti débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ gidi mú kọ́ọ̀sì probability (ìṣirò bó ṣe ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀) àti linear algebra (ìṣirò àwọn nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà). Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìpinnu tó mọ́gbọ́n dání nígbà tí ohun tí a mọ̀ kò dáni lójú tán.

Ní 2004, nígbà tí DARPA, iléeṣẹ́ ìwádìí fún ológun Amẹ́ríkà, ní kí àwọn ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà sáré nínú aṣálẹ̀ Mojave, kò sí ìkankan tó parí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2005, márùn-ún parí. Stanley, ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ará Stanford tún ṣe, ló gbapò kìíní, iṣẹ́ prógíráàmù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó gbé e débẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ROS (àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ prógíráàmù róbọ́ọ̀tì) àti Gazebo (ayé àfarawé fún róbọ́ọ̀tì). Inú Gazebo ni róbọ́ọ̀tì rẹ̀ á ti máa rìn lórí láptọ́ọ̀pù, kó kọlu ògiri bó ṣe wù ú, nǹkan kan ò ní bàjẹ́. Kó kọ́ Python kó tó kan C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù làwọn méjèèjì. Dátà nìkan lẹ máa sanwó rẹ̀. Àwọn fáìlì yẹn tóbi, ẹ ní kó fi dátà òru gbà wọ́n.