Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìran ajá ṣe kí ẹ tó rà á

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín méjì ni, ọlọ́dún 3 àti ọlọ́dún 7, pé ilé yín n'Ìbàdàn ní fẹ́ǹsì, àti pé ẹ ò sin ajá rí. Ẹ ń bèèrè èwo ni kí ẹ mú nínú Caucasian, Boerboel, Rottweiler àti German Shepherd. German Shepherd ni kí ẹ mú, kó jẹ́ abo, kí ẹ sì fojú ara yín rí ìyá tó bí i.

Gbogbo ajá tí ẹ dárúkọ yìí ló ní iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sin ìran wọn, iṣẹ́ náà ò sì ní kúrò lára wọn torí pé wọ́n dé pálọ̀ yín. Caucasian ń ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò lórí òkè Caucasus, láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dá ìpinnu ṣe. Bí ọmọ aládùúgbò bá wá bá ọmọ yín ṣeré, tí wọ́n ń ja ìjàkadì, tí wọ́n ń pariwo, ó lè gbà pé wọ́n ń lu ọmọ ilé, kó dá sí i. Akọ rẹ̀ tó dàgbà ń wọn 50 kg sókè. Ta ni yóò fà á sẹ́yìn?

Ooru tún wà níbẹ̀. Irun rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì, ti òde gùn, ti abẹ́ ki bí òwú. Ahọ́n àti èémí ni ajá fi ń tu ara, kì í làágùn bíi tiwa. Lọ́sàn-án oṣù Kẹta, tí iná ò sí, ẹ ó rí i tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ rẹ̀ á ki, èrìgì rẹ̀ á pọ́n, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá débẹ̀, omi ẹ̀rọ lásán ni kí ẹ dà sí i lára, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fá irun rẹ̀ débi awọ o, oòrùn á jó o.

Boerboel, ajá oko South Africa, gba ooru jù ú lọ, ó sì fẹ́ràn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó lè tó 70 kg, ìdí ló máa fi gbá ọlọ́dún 3 ṣubú. Rottweiler, tó ń da màlúù ní Jámánì, náà máa ń fi ara ti nǹkan. Ẹni tó ti sin ajá rí ló ni wọ́n.

German Shepherd ni ará Jámánì kan, Max von Stephanitz, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà sìn di ìran kan ní 1899, láti inú ajá àwọn darandaran Jámánì. Etí rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu ẹni tó ń dà á, ìyẹn ló fi rọrùn láti kọ́. Abo ń wọn 22 sí 32 kg. Àléébù rẹ̀: ó máa ń bu gìgísẹ̀ ọmọ tó bá ń sáré jẹ fẹ́ẹ́rẹ́, bó ti ń ṣe fún àgùntàn. Ẹ kọ́ ọmọ pé kó dúró sójú kan, kó ká apá. Àgbàlagbà ni kó pe ajá, kó fún un ní nǹkan ìṣeré. Ẹ má nà án, á so ẹgba náà mọ́ ọmọ. Ẹ mú un rìn fún ìṣẹ́jú 45 láàárọ̀ kí oòrùn tó là àti 45 lálẹ́ nígbà tó bá dàgbà. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀.

(Tó bá jẹ́ pé kí ajá ṣáà gbó nígbà tí olè bá dé ni ẹ fẹ́, ajá ilé wa tó bẹ́ẹ̀, oòrùn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú.)

Nígbà tí ẹ bá lọ rà á, kó ti pé ọ̀sẹ̀ 8. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ dìde níbi tó sùn sí: bó bá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro, eegun itan rẹ̀ lè má jókòó dáadáa nínú ìbàdí, àrùn yẹn sì ń bẹ nínú ìran náà gan-an. Ẹ má ra ti ẹ̀gbẹ́ títì. Àrùn parvo, tó máa ń pa ọmọ ajá, ló sábà máa ń bá wọn wá: èébì, ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀. Bí ajá kan bá ti kú nínú ọgbà yín, ẹ po Jik ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 30, kó wà lórí sìmẹ́ńtì fún ìṣẹ́jú 10. Kò ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ oníyẹ̀pẹ̀. Abẹ́rẹ́ parvo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra títí ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí di oṣù 6, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì, kó má sì sáré lẹ́yìn oúnjẹ, inú rẹ̀ lè lọ́ pọ̀, ó sì ń pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ má fi calcium kún oúnjẹ ajá oníhóró tí èròjà rẹ̀ ti pé, ó ń ba eegun ajá ńlá jẹ́.

Kí ọmọ má fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun. Bí ọrùn rẹ̀ bá dúró gan lórí abọ́, tí funfun ojú rẹ̀ yọ, ó ti ń kìlọ̀ nìyẹn. Ẹ má sì fi ọlọ́dún 3 sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú ajá kankan. Tí ẹ bá fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò, ajá á kọ́kọ́ wọ kéèjì.