Ṣé Harámù Ni Owó Ẹni Tí Ó Ń Ya Àwòrán Ẹyẹ Fún Ìwé Ìmọ̀?

Ìbéèrè: As-salaamu alaykum, Àlùfáà wa. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni yíya àwòrán ẹyẹ sínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dá ẹyẹ oko mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní harámù (èèwọ̀) ni owó iṣẹ́ náà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salaam, arábìnrin. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kò sọ̀rọ̀ láìnídìí. Ó wà nínú hadíìsì tí Bukhari gbà wá pé ọkùnrin kan tí ó ń fi àwòrán wá jíjẹ lọ bá Ibn Abbas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Òjíṣẹ́, ẹni tí ó sọ fún un pé òun gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé ẹni tí ó bá ya àwòrán, Ọlọ́hun yóò máa fìyà jẹ ẹ́ títí yóò fi fẹ́ ẹ̀mí sí i, kò sì ní lè fẹ́ ẹ sí i láéláé. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Ibn Abbas wá ní bí kò bá lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ó máa ya igi àti ohun tí kò ní ẹ̀mí. Ẹyẹ ní ẹ̀mí. Ìdí rèé tí Imam Nawawi, onímọ̀ ọ̀nà Imam Shafi'i, fi kà á sí harámù, ìbáà jẹ́ lórí ìwé.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Imam Malik tí àwọn baba wa ń tọ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín ère tí ó ní òjìji àti àwòrán pẹlẹbẹ: ti àkọ́kọ́ ni harámù, èkejì jẹ́ makrúhù (ohun tí a kò fẹ́, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe èèwọ̀), nítorí hadíìsì mìíràn yọ àwòrán ara aṣọ sílẹ̀. Àwọn kan a máa tọ́ka sí Mansur, tí ó ya ẹyẹ fún Ọba Jahangir ní Íńdíà ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ rẹwà, àmọ́ ohun tí ọba fẹ́ láàfin kì í ṣe ẹ̀rí nínú sharia, n kò sì gbé ìdáhùn mi lé e.

Lójú tèmi, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ìmọ̀ ni ẹ fi ń kọ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bọ àwòrán náà, owó yín kì í ṣe harámù. Níbi tí apá, ẹsẹ̀ tàbí ìyẹ́ kan bá ti tó fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè jìnnà sí àríyànjiyàn. Kí ẹ sì ya òótọ́: lékeléke tí gbogbo wa ń pè ní funfun a máa ní àwọ̀ ìyeyè lórí, láyà àti lẹ́yìn nígbà tí ó bá ń yé; bí ẹ bá kùn ún ní funfun nìkan fún àkókò yẹn, ẹ ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, àmáánà (ohun tí a fọkàn tán yín lé lórí) sì ni iṣẹ́ yín. Ẹ má gbé àwòrán ẹyẹ kọ́ sára ògiri ibi tí ẹ ti ń kírun.