Orí kìíní ni mo máa ń padà sí ṣáá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Télọ̀ ni mí ní Ìkéré-Èkìtì. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ ìtàn kan, ìtàn obìnrin tó ń jẹ́ Àjọkẹ́, tó ti Èkó wá béèrè ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Mo kọ ọ́ dé ìparí orí karùn-ún, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ìgbà yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báyìí. Pẹ̀lú ìtọ́jú wọn, ọmọ mẹ́ta, aṣọ ẹbí àti iná tí kì í dúró, ìwé náà ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo bá rí àyè gbé e, màá ní kí n kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè rántí ibi tí mo bá a dé. Orí kìíní á wá máa bí mi nínú, màá tún un kọ. Mo ti kọ orí kìíní lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, orí kẹfà ò sì tíì ní gbólóhùn kan. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí ara ìyá mi yá ná. Ṣé kí n dúró ni? Mo fi ẹ̀dà kẹta àti ìkẹrin orí kìíní náà ránṣẹ́ kí ẹ lè bá mi wò ó. Ṣé kí n da àwọn ẹ̀dà àtijọ́ nù?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà, á sì fún ẹ̀yin náà lókun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọkọ yín lóhùn, torí àánú yín ló ń ṣe wọ́n. Ẹ má dúró. Rọpárọsẹ̀ kì í ṣe ibà tí èèyàn ń lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta sí. Ẹlòmíì á rìn padà láàárín oṣù díẹ̀, ẹlòmíì á sì nílò ẹni tí yóò máa gbé e dìde fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Kí ara ìyá yá ná" kò ní déètì. Bó bá sì ní, kó tó pé, owó WAEC ọmọ àgbà á ti dé, páànù á ti máa jò. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń bá àwọn òǹkọ̀wé yẹ ìwé wọn wò ní Adó-Èkìtì níbí, mi ò tíì rí ẹnì kan tó gbé ìwé wá tó ní ọwọ́ òun dilẹ̀ nígbà tóun ń kọ ọ́. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tiẹ̀ sọ fún mi pé ọdún tí ọwọ́ òun dilẹ̀ gan-an lòun ò kọ ohunkóhun, pé orí òun bá ọwọ́ dilẹ̀ ni. D. O. Fágúnwà, tíṣà ni nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938.

Àwọn kan á ní kí ẹ máa jí lówùúrọ̀ kùtù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ṣàpẹẹrẹ ni Anthony Trollope, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jókòó ti tábìlì. Á gbé aago síwájú, á máa kọ 250 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìwé ìtàn 47 ló kọ kó tó kú. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ àgbà kan tó ń fún ní pọ́n-ùn márùn-ún lé owó rẹ̀ lọ́dọọdún, kó lè máa wá jí òun, kó sì gbé kọfí dání. Ẹ̀yin tí ẹ dìde lẹ́ẹ̀mejì lóru láti yí ìyá padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ló ń gbé kọfí wá fún yín?

Ẹ wá gbọ́. Àyè kọ́ ni ìṣòro yín. Orí kìíní tí ẹ fi ránṣẹ́ jẹ́ ojú ewé 9. Ẹ ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí ìyá ti ń ṣàìsàn: ojú ewé 27 nìyẹn. Orí kẹfà, orí keje àti orí kẹjọ lẹ ti kọ, ojú kan náà lẹ kó gbogbo wọn lé. Obìnrin tó rí àyè kọ ojú ewé 27 láàárín oògùn ìyá àti aṣọ ẹbí, ẹ ò lè ní kò ráyè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí èèyàn ń kọ ìtàn lójoojúmọ́, inú orí rẹ̀ ni ìtàn náà ń gbé. Ó mọ ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró, ó mọ irọ́ tí ẹ̀gbọ́n pa tí àbúrò ò tíì mọ̀. Oṣù kan ti tó kí gbogbo rẹ̀ fò lọ, áḿbọ̀sìbọ́sí oṣù mẹ́jọ. Ẹ wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti lọ ṣa á jọ. Àmọ́ ojú tí a fi ń ka iṣẹ́ àtijọ́, ojú olóòtú ni. Kò wá rántí nǹkan, àléébù ló ń wá, orí kìíní òǹkọ̀wé wo ló sì wà tí kò ní àléébù? Bí ẹ bá ti mú bírò báyìí, ọjọ́ ti lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ yín ti kọ́ yín ní oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá gé aṣọ kọ́sítọ́mà kan tán, tí aṣọ ìsìnkú tó jẹ́ kánjúkánjú já lu iṣẹ́ yín, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ kì í kàn ká aṣọ àkọ́kọ́ jù sí kọ̀rọ̀. Ẹ ó kọ orúkọ àti ìwọ̀n sínú bébà pélébé, ẹ ó fi píìnì so ó mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò ní pe obìnrin náà kó tún wá wọn àyà. Ìtàn yín ló ṣẹ́kù tí ẹ ò so bébà mọ́.

Bébà ìtàn kì í gùn. Mo ka ìsọníṣókí orí karùn-ún tí ẹ kọ sẹ́yìn lẹ́tà yín, ó ní Àjọkẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀, ó bá a ní títì. Ká ní ọjọ́ tí ẹ dúró níbẹ̀ lẹ so ó, báyìí ni ì bá rí:

"Àjọkẹ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn tì. Ó mọ̀ pé èèyàn wà nílé torí ó ń gbọ́ rédíò. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, kò fẹ́ kí ọlọ́kadà rí i. Ó máa gba ẹ̀yìnkùlé."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ara rẹ̀ wà, ohun tó mọ̀, ohun tó ń fi pa mọ́, ohun tó máa ṣe tẹ̀ lé e. Ìkẹyìn yìí ló ṣe pàtàkì jù, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ṣe. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "kí n tẹ̀síwájú pẹ̀lú ìbànújẹ́ rẹ̀", ẹ ti gbé ara yín dè. Lẹ́yìn oṣù méjì, ta ni yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? "Ó máa gba ẹ̀yìnkùlé," ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra nìyẹn.

Ẹ máa kọ bébà yìí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pa ìwé dé, àní bó ṣe ìṣẹ́jú mẹ́fà péré lẹ fi kọ̀wé. Bí ìyá bá pè yín láàárín gbólóhùn, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn náà dá sí méjì, kí ẹ kọ bébà náà nígbà tí ẹ bá dé. Mo mọ àwọn tó ní àfi káwọn parí orí káwọn tó dìde. Ó bá wọn lára mu. Fún ẹni tí wọ́n ń ké sí nígbàkígbà, abẹ́rẹ́ tí a fi sílẹ̀ nínú aṣọ dára ju apá aṣọ tí a rán parí lọ, torí ọwọ́ á mọ ibi tó ń lọ.

Ní báyìí tí kò sí bébà kankan, ẹ ní láti ṣe ọ̀kan. Ẹ ṣí ìwé láti ẹ̀yìn. Ojú ewé méjì tó gbẹ̀yìn orí karùn-ún nìkan ni kí ẹ kà, kí bírò sì wà ní yàrá kejì. Mi ò ṣàwàdà o. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á dé, kí ẹ wá kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rántí nípa orí kìíní dé ìkẹrin sínú bébà mìíràn láìwo ìwé. Ohun tí ẹ bá gbàgbé, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé òǹkàwé náà á gbàgbé rẹ̀. Bí ẹ bá dé orí kẹjọ tí ẹ ò rántí bóyá ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta ni àbúrò bàbá Àjọkẹ́ bí, ẹ kọ "WÒ Ó" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí ẹ máa lọ. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá parí lẹ máa tó wò ó.

Ní ti iye tí ẹ máa kọ, mi ò fẹ́ kí ẹ bá ara yín dá májẹ̀mú ojoojúmọ́. Ọjọ́ tí ara ìyá ò bá dá, ẹ ó jẹ gbèsè, gbèsè náà á wá di ìtìjú, ìtìjú ló sì ń gbé ìwé sínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa kà. Ọ̀rọ̀ 600 lọ́sẹ̀ kan, kò pé ojú ewé mẹ́ta nínú ìwé tí ẹ ń lò. Bí ẹ bá ṣe é ní ọ̀sẹ̀ 40 nínú ọdún, tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ 12 sílẹ̀ fún ọdún, òkú àti àìsàn, ọ̀rọ̀ 24,000 ti wọlé.

Kì í sì ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́dọ̀ fi bírò kọ. Ẹsẹ̀ yín wà lórí máṣíìnì, ọwọ́ yín wà lára aṣọ, ẹnu yín ló ṣófo. Ẹ tẹ fóònù, kí ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ Àjọkẹ́ àti àbúrò bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀ bí fóìsì nóòtì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ariwo máṣíìnì má baà bò ó. Nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: Èkìtì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn. Nínú ẹ̀dà kẹta, ẹ jẹ́ kí bàbá àgbàlagbà kan ní Ìkéré sọ "ilé" lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bàbá yẹn? "Ulé" ni yóò wí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá yẹ kí ọ̀rọ̀ kan padà sí Yorùbá ìwé, iṣẹ́ olóòtú nìyẹn, ẹ má gba iṣẹ́ mi ṣe. Àmì ohùn náà lè dúró. Ibi tí ẹ̀yin alára lè ṣìnà nìkan ni kí ẹ fi í sí, bí ọkọ tó fẹ́ yín, ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè àti ọkọ̀ tí Àjọkẹ́ wọ̀ wálé.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kọ nǹkan, ẹ bá a ṣe àáró. Kì í ṣe kí ẹ máa ka iṣẹ́ ara yín o, ìyẹn á tún jí olóòtú. Kí kálukú fi iye ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́ ní alẹ́ Sátidé, "410", kó tán síbẹ̀. Kí ẹ sì máa fi fóònù ya àwòrán ojú ewé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Mo kó ilé lọ́dún kan, mo di ìwé mi sínú páálí, mo gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn. Eku jẹ orí mẹ́rin. Títí dòní mo ṣì gbà pé orí kẹta ibẹ̀ lohun tó dára jù tí mo kọ rí, bóyá torí pé kò sẹ́ni tó lè kà á mọ́.

Àsìkò kan lè dé tí ẹ ò ní lè kọ rárá, bí ara ìyá bá yí padà tàbí bí ilé ìwòsàn bá gba gbogbo òru. Ẹ kọ bébà yín, ẹ so ó, kí ẹ lọ tọ́jú wọn. Ìtàn náà ti mọ ibi tó dúró sí.

Ó ku ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Ẹ má da ẹ̀dà kankan nù. Ẹ wá àpòòwé ńlá kan, kí ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, kí ẹ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, kí ọkọ yín bá yín gbé e pa mọ́ síbi tí ẹ ò mọ̀. Àmọ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ yọ nǹkan kan fún mi. Nínú ẹ̀dà kẹta, ìyá arúgbó kan wà tó jókòó, tó ń ka ebè iṣu, tó bá dé ogún á tún padà sí oókan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà kẹrin, mo sì mọ ìdí: kò ní ohun tó ń ṣe ní orí kìíní. Ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá Àjọkẹ́ ni ìjókòó rẹ̀ wà. Orí kẹfà nìyẹn. Kí Àjọkẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yí ẹ̀yìn, kí báàgì fà á lọ́wọ́, kí ìyá náà sì wà lórí ebè kẹtàdínlógún nígbà tó gbójú sókè.