Ẹ wọn ààlà ahoro yẹn kí wọ́n tó pín in

Ẹ̀gbọ́n, kánsù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe kóòtù. Òpó sọ̀fè tí ẹ ní wọ́n ń rì sún mọ́ ahoro ìlú yín lápá Ìsin ní Kwara yẹn ló fà á: ìjọba ìbílẹ̀ ni Òfin Lílo Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ tí kò sí nígboro sí níkàáwọ́. Bí ìwé ilẹ̀ náà bá ti jáde fún ẹnì kan ṣá, ọ̀rọ̀ ti di ti lọ́yà nìyẹn.

1. Ẹ kó àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń dáko níbẹ̀ jọ, kí ẹ jọ rìn yí i po. Níbi tí pèrègún bá ti tò lọ, tí àfọ́kù ìkòkò ti pọ̀ lórí ebè, ẹ fi fóònù sàmì sí i. Ẹ má yọ àgbẹ̀ sílẹ̀ o! Àwọn gan-an ló máa kọ́kọ́ bá olùrà dọ́rẹ̀ẹ́.

2. Ẹ kọ lẹ́tà nípa ahoro náà sí kánsù, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ó sì ti wà láti 1945. Wọ́n mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ètò à ń kéde ibi ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìbuwọ́lùwé ọba nìkan kò tó lórí lẹ́tà náà. Ìdílé ló ń ta ilẹ̀, kí mọ́gàjí wọn náà fọwọ́ sí i.