Kíndìnrín wọn kò tíì bàjẹ́, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ náà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ̀gbọ́n ìyá yín mu ògógóró níbi òkú, ojú wọn ń ṣú, dókítà sì fẹ́ gbé wọn sí orí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní àwọn mọ̀lẹ́bí ń sọ pé kíndìnrín wọn kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé wọ́n ṣì ń tọ̀, àti pé owó lásán ni ilé ìwòsàn ń wá. Ohun tí àwa náà sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an nìyẹn, wákàtí márùn-ún tí a sì fi sọ ọ́ ń dùn mí títí di òní.

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá kékeré mi lọ síbi ìsìnkú kan lẹ́yìn Ọjà Igbó, wọ́n sì mu ọtí tí a gbé wá nínú ike tí kò ní orúkọ lára. Wọ́n wálé, wọ́n sùn, wọ́n jẹun ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kò sí ẹni tí ó fura, nítorí pé methanol, ọtí olóró tí ó máa ń wà nínú ògógóró tí kò dára, kì í tètè fi ara hàn. Ó lè tó wákàtí 12 sí 24 kí ẹni tí ó mu ún tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ní ọ̀sán, wọ́n jókòó sí iwájú ilé, wọ́n ní ọyẹ́ ti bo gbogbo ojúde. Oṣù Keje ni a wà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, wọn kò rí ọwọ́ mi tí mo nà sí wọn mọ́, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ó sáré láti Sábó, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni wọ́n wà. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ ní ọtí ló ń pa wọ́n, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n ní kí a jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ní ilé ìwòsàn kejì, dókítà kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n mu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ásíìdì ti pọ̀ jù, ó sì ní kí a fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lóru ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé methanol fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń fọ́ ojú. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di formaldehyde, tí ìyẹn sì ń di formic acid, ásíìdì yìí ni ó ń ba iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Bí a ti ń jiyàn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí kò ní àrùn kankan ń po oró fún ẹni tí ó ni ín. Ẹ̀rọ náà ń fa methanol àti ásíìdì náà jáde pọ̀, ó sì ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sípò. Kò sí ìdí tí ó fi máa dúró de kíndìnrín kí ó kú. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé ní 1913, nígbà tí John Jacob Abel, onímọ̀ nípa oògùn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ ajá ní Amẹ́ríkà, oògùn ìdílé ásípírínì tí wọ́n ti fún ajá náà ni wọ́n fà jáde.

Ohun kan tún dẹ́rù bà wá. Nọ́ọ̀sì ń wọn ọtí, ó ń fi rọ́bà imú fún wọn. Ìyàwó wọn figbe ta pé, "Ọtí ló fẹ́ pa wọ́n, ọtí ni ẹ tún ń fún wọn!" Nọ́ọ̀sì náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ọtí tòótọ́ ni ẹ̀dọ̀ máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, tí yóò fi methanol sílẹ̀ kí ẹ̀rọ rí i fà. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ fomepizole tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n fi kún ọtí náà, nítorí pé ẹ̀rọ ń fa òun náà jáde.

Wọ́n ki rọ́bà oníhò méjì bọ iṣan itan wọn. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde gba inú ike gígùn bí apá ọmọdé, tí àwọn òpó tín-ín-rín bí irun kún inú rẹ̀, ó sì ń padà sí ara wọn. Wákàtí mẹ́jọ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èémí wọn ti rọlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo májèlé ni ẹ̀rọ yìí lè fà o. Èyí tí ó kéré, tí ó ń yòrò nínú omi, tí ó sì dúró sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń rí mú: methanol, omi radiétọ̀ ọkọ̀ tí ó ní ethylene glycol, ásípírínì àpọ̀jù, oògùn lithium. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tapíàpíà ni ẹnìkan gbé mu, atropine, oògùn tí a fi ń gbógun ti oró rẹ̀, ni kí wọ́n sáré fún un, ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rọ fi àkókò ṣòfò.

Bàbá kékeré mi wà láàyè. Àárín ojú wọn ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń rí òjìji, ohùn wa ni wọ́n sì fi ń dá wa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ sí ìwé náà nísinsìnyí. Ẹ rán ẹnìkan lọ mú ike ọtí náà wá, kí ó sì wádìí bóyá àwọn mìíràn tí wọ́n jọ mu ún ń ṣàìsàn. Bí ẹ̀rọ ibẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ní kí ẹ máa gbé wọn lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ fomepizole tàbí ọtí náà kí ọkọ̀ tó gbéra.