Kòkòrò ló jẹ ẹ̀wà rẹ, kì í ṣe ayé

Lẹ́tà náà, ní kúkúrú: "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, ọ́fíìsì kan ní Garki, l'Ábùjá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Mararaba ni mò ń gbé. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń ra ẹ̀wà pamọ́ lásìkò ìkórè, kí n lè tà á nígbà tó bá wọ́n. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo jèrè, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì owó náà ti tán, n ò mọ ibi tó gbà. Lọ́dún yìí, kòkòrò jẹ àpò mẹ́rin di lẹ́búlẹ́bú. Àwọn tí a jọ ń gbàdúrà ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ 21, kí n sì fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kí Ọlọ́run lè rí i pé mo gbà á gbọ́. Mo ti kọ ìwé ìfipòsílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Àpò ẹ̀wà mẹ́rin kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń wọkọ̀ láti Mararaba gba Nyanya lọ sí Garki láràárọ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀wà ná, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wọ inú rẹ. Kòkòrò yẹn kò ti ilé ẹnikẹ́ni wá. Láti oko ló ti tẹ̀ lé ẹ̀wà. Ó máa ń yé ẹyin sára èèpo ẹ̀wà tó ṣì wà lóko, bó bá sì dé inú àpò, a máa yé e sára hóró. Ọmọ rẹ̀ a gbẹ́ inú hóró wọlé, a jẹun níbẹ̀, a dàgbà, a lu ihò roboto jáde, òun náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Nínú ooru tiwa, nǹkan bí oṣù kan ti tó fún gbogbo ìyẹn. Àwọn díẹ̀ tí o kò rí ní oṣù kọkànlá ló di rẹpẹtẹ kí oṣù kẹfà tó wọlé. Ẹ̀wà tí a kàn dà sínú àpò lásán, bí a gbààwẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lé e lórí, kòkòrò á jẹ ẹ́.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, wọ́n á sá a kó gbẹ dáadáa, wọ́n á dà á sínú àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò gidi níta. Wọ́n á so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Afẹ́fẹ́ á tán mọ́ kòkòrò nínú, kò ní lè jẹun, kò ní lè yé, á sì kú. Má máa tú u wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o wọ́n oògùn apakòkòrò sí i, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gbà. Oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ni. Torí oògùn dichlorvos ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015.

Èmi náà ti jìyà àìmọ̀. Kaduna ni mo wà nígbà yẹn. Mo ra ata gbígbẹ, mo dì í pamọ́, gbogbo rẹ̀ bu. Mo ní ìyá kan nílé ọkọ mi ló ṣe mí, mo sì bá a yodì fún ọdún mẹ́ta. Ìyá Hausa kan lọ́jà ló mi ata sí mi létí lọ́jọ́ kan, ó ní èyí tó bá gbẹ, hóró inú rẹ̀ á máa dún bíi ṣẹ́kẹ́rẹ́. Tèmi kò dún rárá lọ́jọ́ tí mo dì í. Ìyá ilé ọkọ mi yẹn ti kú kí n tó lọ tọrọ àforíjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "ọwọ́ ayé" fi ń dùn mí tó báyìí.

Mi ò ní kí o má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n wo Jósẹ́fù. Ọlọ́run fi ìtumọ̀ àlá Fáráò hàn án, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n yan alábòójútó, kí wọ́n máa kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pamọ́ fún ọdún méje. Lẹ́yìn ìran, ó ṣì ní ọkà láti kà, ó ní àká láti ṣọ́. Bí o bá máa gbààwẹ̀, gbà á kí o lè kó ara rẹ níjàánu, má fi wá ọ̀tá.

Torí owó ọdún àkọ́kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù. Kòkòrò kankan kò wọ inú ìyẹn, síbẹ̀ ó tán. Aṣọ ẹbí mélòó lo rà? Ta lo yá lówó tí kò dá a padà? Mú ìwé, kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ yìí, kódà bó bá ń tì ọ́ lójú. Tí o bá tún ta àpò kan, owó tí o fi rà á ni kó kọ́kọ́ padà sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí àkáǹtì tí kò ní káàdì. Èrè nìkan ni kí ọwọ́ rẹ kàn.

Má tíì fi ìwé ìfipòsílẹ̀ yẹn ránṣẹ́. Owó oṣù rẹ ni yóò bọ́ ọ nígbà tí ẹ̀wà bá ṣì wà nínú àpò. Lo Sátidé rẹ nílé ìtajà oníẹ̀wà kan ní ọjà Mararaba, bá a gbé, bá a gbá, kí o mọ ẹ̀wà tuntun yàtọ̀ sí ti èṣí, kí Hausa rẹ sì já gaara. Bí àyè bá yọ, lọ wo Dawanau, ọjà ọkà ńlá ní Kano, kí o tó náwó. Ra àpò méjì péré lásìkò ìkórè tó ń bọ̀, kí o tọ́jú wọn títí di oṣù keje.

Kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá tú ọ̀rá àkọ́kọ́.